Orúkọ Kan, Agbára Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Prósẹ́sọ̀ Láptọ́ọ̀pù àti ti Dẹ́sítọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀

Ẹni tó bá lọ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní ọjà Àlàbá, ní Ọ̀jọ́, "i" ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè sí i létí. i3 ní iye tirẹ̀, i5 gbówó lórí jù ú lọ, i7 sì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbé ní Ìbà tàbí Òkokomáíkò, tó ti ń ṣẹ́ owó jọ díẹ̀díẹ̀, lè má béèrè ju ìyẹn lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé i7 ni lóòótọ́?"

"Àbúrò, wo sítíkà ẹ̀ níbẹ̀."

Ó sanwó, ó gbé e relé. Kò pẹ́ tó fi rí i pé dẹ́sítọ́ọ̀pù i5 kan tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, tí àwọn ayàfídíò àdúgbò ń lò, kò jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù òun fi bẹ́ẹ̀ yọrí lára rẹ̀ bí iṣẹ́ bá le. Ó gbà pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Wọn kò lù ú ní jìbìtì o. i7 ni ohun tó rà. Ohun tí kò sẹ́ni tó là yé e ni pé i3, i5 àti i7 kàn ń sọ ipò tí prósẹ́sọ̀ kan wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde lásìkò kan náà, fún irú ẹ̀rọ kan náà. Bí ọdún bá yàtọ̀, tàbí tí ọ̀kan bá jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù tí èkejì jẹ́ ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, orúkọ yẹn nìkan kò lè sọ èyí tó lágbára jù.

Ní ibi tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti wá, àṣìmú yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, torí ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra tuntun, ti ọdún yẹn náà ló máa bá níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹrù ọdún mẹ́wàá ló máa ń wà lórí tábìlì kan ṣoṣo. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún: fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n di èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí wá, láti èbúté Yúróòpù. Ó kéré tán, 15,700 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó gúnlẹ̀. Èyí tó bá yè bọ́ nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń nù, tí wọ́n máa ń tò: HP EliteBook, Dell Latitude, Lenovo ThinkPad, ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ lókè òkun ti lò tẹ́rùn. Ti 2011 jókòó ti ti 2017, sítíkà i5 wà lára àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe àpótí abẹ́ tábìlì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Àpótí tó máa ń dúró sábẹ́ tábìlì, tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wa nílé ẹ̀kọ́ láti máa pè ní CPU, kì í ṣe CPU. Inú rẹ̀ ni CPU wà. Prósẹ́sọ̀ gan-an ni CPU: ègé sílíkọ́nì pẹlẹbẹ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n to transistor, ìyẹn swíìṣì iná tíntìntín, sínú rẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ. Prósẹ́sọ̀ 4004 tí Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn i3, i5 àti i7 yìí, gbé jáde ní 1971 ní transistor 2,300 péré. Èyí tó wà nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù i5 ti 2011 tó bílíọ̀nù kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba àṣẹ, kó ṣe é, kó tún mú òmíràn. Àwọn kan ń pè é ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Èmi kò fẹ́ràn orúkọ yẹn, torí ó ń jẹ́ káwọn èèyàn rò pé ibẹ̀ ni fáìlì ń gbé. Prósẹ́sọ̀ kì í tọ́jú fáìlì fẹ́nikẹ́ni. Díìsìkì ló ń ṣèyẹn.

Láti nǹkan bí 2005 ni prósẹ́sọ̀ tó ní ju core kan lọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà táráàlú ń lò. Core ni ẹ̀yà inú prósẹ́sọ̀ tó lè dá iṣẹ́ ṣe láìwo ojú èkejì rẹ̀. Ẹ fi wọ́n wé alásè níbi ìnáwó. Bí àmàlà ìkòkò kan bá ń gba ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ alásè kan, tí ẹ bá pe alásè mẹ́ta sí i, àmàlà yẹn kò ní torí bẹ́ẹ̀ jinná ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé ìkòkò mẹ́rin máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tó bá ṣeé pín, bíi fídíò ìgbéyàwó tí wọ́n fẹ́ yọ jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e tán, gbogbo core ló máa jọ gbé e. Èyí tí kò bá ṣeé pín, core kan ló máa ń forí rù ú, táwọn tó kù á máa wòran.

Ibí yìí ni ìṣirò kan tí mo máa ń gbọ́ lọ́jà ti wó lulẹ̀. Olùtajà á tẹ dxdiag, ojú ìwé á gbé 2.50GHz wá, á sì kọ 4 CPUs sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á ní méjì àbọ̀ lọ́nà mẹ́rin, GHz mẹ́wàá nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù tó ní GHz mẹ́wàá kò sí lọ́jà kankan láyé. Yàtọ̀ sí pé iyára core kì í di ìsọdipúpọ̀, mẹ́rin tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn pàápàá lè má jẹ́ core mẹ́rin. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù i5 àti i7 àtijọ́, core méjì ló wà ńbẹ̀. Ọgbọ́n kan tí Intel ń pè ní Hyper-Threading ló ń jẹ́ kí core kọ̀ọ̀kan gba iṣẹ́ méjì mọ́ra, kó máa fi àyè tí ọ̀kan bá fi sílẹ̀ ṣe èkejì. Ó ń ranni lọ́wọ́, àmọ́ kò sọ core méjì di mẹ́rin. Bákan náà, i5 kò túmọ̀ sí core márùn-ún: i5 tó ní méjì wà, tó ní mẹ́rin wà, tó ní mẹ́fà náà wà.

Intel fúnra rẹ̀ ti sáré lé GHz rí

GHz ń ka iye ìgbà tí prósẹ́sọ̀ ń mí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní bílíọ̀nù bílíọ̀nù. Kò sọ bí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú èémí kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí Pentium 4 jáde ní ìparí ọdún 2000, GHz ni Intel fi ń polówó ọjà, wọ́n sì ń tì í sókè lọ́dọọdún. Ó dé 3.8GHz ní 2004, ó sì ń jẹ iná tó tó wáàtì 115. Wọ́n ti ṣèlérí 4GHz. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n fagi lé e. Ooru ti pọ̀ jù, èrè rẹ̀ kò sì tó nǹkan mọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ẹnjiníà Intel ní ìlú Haifa, ní Ísírẹ́lì, ti ṣe ohun tó yàtọ̀. Láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń ṣe tiwọn fún, wọn kò sì lè fi iná ṣòfò. Pentium M wọn jáde ní 2003. Èyí tó jẹ́ 1.6GHz nínú rẹ̀ kò jẹ tó wáàtì 25, síbẹ̀ ó ń bá Pentium 4 tó ti kọjá 2GHz du ipò. Nígbà tí ọ̀nà Pentium 4 dí, ọ̀nà ti láptọ́ọ̀pù yìí ni Intel gbà. Òun ló bí Core 2 Duo ti 2006, tí wọ́n ṣe ti dẹ́sítọ́ọ̀pù àti ti láptọ́ọ̀pù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé prósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù jẹ́ àfọwọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dẹ́sítọ́ọ̀pù kò mọ ìtàn ìdílé wọn. Dẹ́sítọ́ọ̀pù Pentium 4 tó jẹ́ 3.0GHz, tẹ́ ẹ bá ṣì rí ọ̀kan tí eruku ti bò ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kò lè dé ibi tí láptọ́ọ̀pù 1.6GHz ti 2017 wà.

Ooru ló yà wọ́n nípa

Kí wá ló dé tí i5 inú dẹ́sítọ́ọ̀pù fi ju i5 inú láptọ́ọ̀pù lọ? Ooru ni. Gbogbo iná tí prósẹ́sọ̀ bá jẹ, ooru ló máa dà, ooru yẹn sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù, irin alumíníọ̀mù tó tóbi tó ìkúùkù ọwọ́ ló jókòó lé prósẹ́sọ̀ lórí, fáànù tó gbòòrò ń fẹ́ sí i, afẹ́fẹ́ sì ń ráàyè nínú àpótí. Nínú láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti fáànù kékeré kan ló ń dá ṣe é, ojú ihò tí ooru ń gbà jáde kò sì fẹ̀ ju ìka kan lọ. Bátìrì náà tún wà ńbẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ tán ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe prósẹ́sọ̀ ní ìwọ̀n ooru tó gbọ́dọ̀ bá mu kó tó ronú kan ohunkóhun. i5-2400 ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, tó jáde ní 2011, wáàtì 95 ni wọ́n fún un. i5-2520M ti láptọ́ọ̀pù ọdún kan náà, 35. Àwọn tí lẹ́tà U parí orúkọ wọn, tó gba ọjà kan nígbà tí láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, 15 péré. Ẹni tí wọ́n fún ní 15 kò lè ṣe bí ẹni tó ní 95. Wọ́n á dín core kù, wọ́n á dín iyára kù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti 2011 títí wọ 2017, i5 dẹ́sítọ́ọ̀pù sábà máa ń ní core mẹ́rin, nígbà tí i5 láptọ́ọ̀pù ní méjì, tí i7 tó ní U nídìí pàápàá kò ju méjì lọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Lójú tèmi, ẹ̀bi àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ ni, kì í ṣe ti ọmọkùnrin tó ń tà á ní Àlàbá.

Ooru yìí kan náà ló ń da iyára rú. Ẹ máa rí iyára méjì lára prósẹ́sọ̀ kan: ti ìpìlẹ̀ àti ti òkè pátápátá. i7-7500U, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 2.7GHz ní ìpìlẹ̀, ó lè fò dé 3.5GHz. Fífò yẹn kì í pẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù tí ooru kò bá rọ́nà jáde. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná tó nǹkan bí 100 lórí ìwọ̀n Celsius, á dín iyára ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná.

Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ dé ìdí

Ẹ mú i5-6300U, tó wọ́pọ̀ nínú EliteBook 840 G3. i5 ni ipò. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì ni ìran, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní "jẹ́ẹ̀nì": 6 yìí, ìran kẹfà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. 300 tó tẹ̀ lé e ń fi í sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. U tó parí rẹ̀ ló sì wúlò jù fún ẹni tó ń fi ti láptọ́ọ̀pù wé ti dẹ́sítọ́ọ̀pù. U sábà máa ń jẹ́ wáàtì 15. M ti àtijọ́, bíi ti ThinkPad T420 àti T430, ni 35. HQ tàbí H lágbára, ó sì máa ń gbóná. Y rọra ju U lọ. Ti dẹ́sítọ́ọ̀pù kì í sábà ní lẹ́tà, àfi K tí èèyàn lè ti iyára rẹ̀ sókè, tàbí T tó jẹ́ wáàtì 35, èyí tí wọ́n ń fi sínú àwọn dẹ́sítọ́ọ̀pù kékeré tó ṣeé gbé sí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀. i5-6500T ní core mẹ́rin gidi láìka kékeré rẹ̀ sí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń gbójú fò ó. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ mẹ́ta péré, bíi i5-520M, ìran kìíní nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ wá gbé mẹ́ta síwájú: i5-2400 ti dẹ́sítọ́ọ̀pù 2011, i7-7500U ti láptọ́ọ̀pù 2016, àti i5-8250U ti láptọ́ọ̀pù 2017. Lórí iṣẹ́ tí core kan ń dá ṣe, bíi ṣíṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, i7-7500U ju i5-2400 lọ dáadáa. Ọdún márùn-ún ìdàgbàsókè kì í ṣe eré. Àmọ́ bí iṣẹ́ bá di ti gbogbo core, bíi fídíò yẹn, core mẹ́rin ti bàbá àgbà yìí á lé e bá. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun tó dé bá a nìyẹn.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wá yani lẹ́nu jù. Ní 2017 tí AMD, tó ń bá Intel du ọjà, gbé prósẹ́sọ̀ Ryzen rẹ̀ jáde, Intel náà sọ core láptọ́ọ̀pù U di mẹ́rin ní ìran kẹjọ, láìfi kún wáàtì 15 rẹ̀. i5-8250U, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju 1.6GHz lọ, fi i7-7500U tó jẹ́ 2.7GHz sílẹ̀ gan-an lórí iṣẹ́ tó ṣeé pín. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá gbé méjèèjì síwájú yín ní iye kan náà, i5 ni kẹ́ ẹ mú. Wọ́n á ní ẹ ò mọ ọjà, ẹ má dá wọn lóhùn.

Bí ó bá ń falẹ̀, ó lè má jẹ́ prósẹ́sọ̀

Díìsìkì ayíbíríbírí àtijọ́ ló máa ń fa kí kọ̀ǹpútà gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tàn. Ẹ fi SSD, díìsìkì tí kì í yí, rọ́pò rẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó bú prósẹ́sọ̀. RAM 4GB náà kò tó fún ẹni tó máa ń ṣí ojú ìwé ogún lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí atúnṣe tú ìdí rẹ̀ wò. Láàárín fáànù àti irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ooru ń gbà jáde, eruku ọ̀pọ̀ ọdún á ti hun ara rẹ̀ pọ̀ bí aṣọ òfì, àfi kéèyàn fi ìka ká a kúrò. Bí wọ́n bá tú ọ̀pá bàbà sílẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi sáàárín rẹ̀ àti prósẹ́sọ̀ á ti gbẹ, á máa fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ èékánná. Ọ̀dà yẹn ló ń gbé ooru láti ara prósẹ́sọ̀ sára bàbà. Tó bá ti gbẹ, fáànù á kàn máa pariwo lásán. Ọ̀dà tuntun kò wọ́n, ẹ̀rọ náà á sì padà sí iyára rẹ̀.

Ṣájà náà ń dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Dell Latitude máa ń yẹ ṣájà wò bí wọ́n bá kì í sí i. Èyí tí wọn kò bá dá mọ̀, bátìrì kò ní gba iná, prósẹ́sọ̀ á sì máa rìn bí ìgbín. Ẹlòmíràn á tìtorí ṣájà ayédèrú tó rà ní Ìyànà-Ìbà sọ pé i5 òun ti darúgbó.

Ti pípààrọ̀ prósẹ́sọ̀ ńkọ́? Nínú dẹ́sítọ́ọ̀pù, ó ṣeé ṣe, bí ìran bá bá pátákó (motherboard) rẹ̀ mu: i3-2100 lè yọ kí i7-2600 wọlé. T420 àti T430 náà gbà á. Àwọn U, wọ́n jó wọn mọ́ pátákó ni. Ẹni tó bá ní òun á bá yín yọ i5 inú 840 G3 kí òun fi i7 sí i, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Èwo wá ni kéèyàn rà?

Iná mọ̀nàmọ́ná wà nínú ìdáhùn. Ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, níbi tí iná Eko Disco ti ń lọ tó ń bọ̀, láptọ́ọ̀pù wáàtì 15 tí bátìrì rẹ̀ ṣì dáa á jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ láìtan jẹnẹrétọ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù á kú fin-ín bí iná bá lọ, mọ́nítọ̀ rẹ̀ sì tún ń jẹ iná tirẹ̀. Fún Word, Zoom àti íntánẹ́ẹ̀tì, ìran kẹfà tó ní U, SSD àti RAM 8GB tó. Ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, owó láptọ́ọ̀pù kan máa ra dẹ́sítọ́ọ̀pù tó lágbára jù ú lọ fún un.

Ohun kan ń dí ìran kẹfà àti ìkeje lọ́wọ́. Windows 11 kò gba prósẹ́sọ̀ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ kan, Microsoft sì dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ẹ̀rọ náà kò ní kú o, ṣùgbọ́n ààbò tuntun kò ní máa wọlé fún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí owó bá lè dé ìran kẹjọ, ẹ tì í dé ibẹ̀. Bí olùtajà bá sì ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kó fi ìyẹn dín owó ìran kẹfà kù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má wo sítíkà, torí sítíkà ṣeé ṣí, ó sì ṣeé lẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ wọ BIOS, ojú ìwé ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó gbéra: F10 lórí HP, F1 lórí ThinkPad, F2 lórí Dell. Orúkọ prósẹ́sọ̀ tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Tí Windows bá gbéra, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí Performance, kẹ́ ẹ wo CPU. Iye core wà níbẹ̀, iyára ìpìlẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wá yọ ṣájà kẹ́ ẹ lè mọ bí bátìrì ṣe dáa tó, kẹ́ ẹ ṣí fídíò YouTube tó mọ́ kedere fún bí ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì ṣe nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ṣájà rẹ̀ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Bí iyára bá ń já wá sísàlẹ̀ ìpìlẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ṣájà, tí ìdí rẹ̀ sì ń gbóná, fáànù tàbí ọ̀dà ló nílò iṣẹ́, ẹ sì lè yọ owó atúnṣe kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.